Ọwọ́ Òsì Ayọ̀fẹ́

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara gbogbo wa le ní Amẹ́ríkà níbí. Ayọ̀fẹ́ ọmọ-ọmọ yín ti di gbajúmọ̀ nídìí sọ́fútíbọ́ọ̀lù, eré tí ẹnìkan ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíì ń fi igi gbá a. Òun ló ń jù ú fún ilé-ìwé, òun náà ló ń jù ú fún ẹgbẹ́ àdúgbò. Kì í sinmi rárá. Inú wa dùn gan-an.

Nǹkan kan ló ṣáà rú mi lójú. Lọ́jọ́ Àìkú, ó fi ọwọ́ òsì gbé omi fún bàbá rẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn pé ọmọ Ìjẹ̀bú kì í fọwọ́ òsì gbé nǹkan fágbà. Ẹkún ló bú sí. Nígbà tá a gbé e lọ sílé ìwòsàn, dókítà ní bọ́ọ̀lù jíjù ti ba èjìká ọ̀tún rẹ̀ jẹ́, kó sinmi títí ọdún á fi parí. Kóòṣì tó ń kọ́ wọn léré ní bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù náà láti ìsàlẹ̀ kì í pa apá lára, pé Sátidé ni àṣekágbá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Bàbá rẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tá a máa fi wò ó.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Joel ní Ìmùṣin. Ayọ̀fẹ́ náà kí yín. Ó ní tóun bá juwọ́ sí yín nínú fídíò orí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé òsì ni.

Rose yín