Ìkúnlẹ̀ Ayọ̀mipọ̀ Lórí Yìnyín

Ojúlé 48, Òpópónà Harrowdene,
Etobicoke,
Toronto, Ontario.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìbáwí,
Ẹgbẹ́ Họ́kì Àwọn Ọmọbìnrin Thornmere,
Toronto, Ontario.

Ẹ̀yin Ọ̀gá Alága àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YÍ ÌDÁJỌ́ YÍN PADÀ LÓRÍ AYỌ̀MIPỌ̀ DÚRÓSINMÍ, ADÍLÉMÚ YÍN

Èmi ni bàbá Ayọ̀mipọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń dí ilé fún ẹgbẹ́ yín láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé ẹ ti dá a dúró, pé kò ní bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìdánwò tí wọ́n ti máa ṣa àwọn ọmọbìnrin tí yóò ṣojú Ontario, àfi tó bá kọ lẹ́tà àforíjì, kó sì kà á sétí gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ kà sí i lọ́rùn ni pé ó kúnlẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú aṣọ Kánádà lọ́rùn. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ìdánwò náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń yára kọ̀wé.

N kò ní ṣe bí ẹni tó mọ eré họ́kì orí yìnyín yìí jù yín lọ. Kí n tó dé ìlú yìí, yìnyín tí mo mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n ń jù sínú ife mínírà lọ. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bolton, àwọn awakọ̀ ibẹ̀ ló sì là mí lójú sí bí Kánádà àti Amẹ́ríkà ṣe máa ń wo ara wọn bí orogún tó bá ti di ọ̀rọ̀ họ́kì. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì pàdé ní Boston, ẹ̀yin náà lẹ pè wá sí gbọ̀ngàn yín kí a jọ wò ó. Nígbà tí Kánádà gbá góòlù tó parí ìjà wọlé ní àfikún àsìkò, mo fò sókè, tíì ọwọ́ mi sì dà sára ẹ̀wù yín, Ọ̀gá Alága. Ẹ kò bínú. Ńṣe lẹ gbá mi mọ́ra.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, ẹgbẹ́ yín gbàlejò àwọn ọmọbìnrin kan láti Buffalo ní Amẹ́ríkà nínú ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ tí ẹ máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ọ̀rẹ́ lẹ pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn olóṣèlú orílẹ̀-èdè méjèèjì ń sọ síra wọn nígbà òtútù yìí ti ba ọbẹ̀ náà jẹ́. Wọ́n ran ewé pupa Kánádà mọ́ aṣọ àwọn ọmọ wa. Nígbà tí orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń lọ lọ́wọ́, àwọn òbí kan ń hó lé e lórí, àwọn ọmọdébìnrin tó ti Buffalo wá sì ń wo ilẹ̀. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gba ìwé ìbáwí nítorí ìyẹn.

Ayọ̀mipọ̀ ló wà lẹ́nu ilé lọ́jọ́ náà. Ó mú èyí tó ṣeé mú, ó mú èyí tí kò ṣeé mú. Ẹyọ kan tó wọlé ní àfikún àsìkò, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Shukurat ló gbá a. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Yorùbá ni òun náà, Buffalo ni wọ́n bí i sí. Ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ń sọ èyí nítorí ohun tí àwọn kan kọ sí gúrúùpù Wáàsáàpù àwa òbí, pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọmọ ìlú rẹ̀ gbá a wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé yín, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé òun ló bí ìwé yín. Ẹni tó bá gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe sunkún nínú mọ́tò títí a fi délé kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun.

Lẹ́yìn ìdíje, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì tò láti bọ ara wọn lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà eré yìí. Ìyá àgbà Shukurat, Alhaja Ìdíátù, ló wà ní ìparí ìlà àwọn ará Buffalo. Òun ló ń bá wọn pín omi, wọ́n sì ti wọ jákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà sí i lọ́rùn. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni. Ó ti rí orúkọ wa lẹ́yìn aṣọ ọmọ mi láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ayọ̀mipọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tòun ti ojú pípọ́n, màmá náà sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O gbìyànjú gan-an ni."

Ọmọ mi kúnlẹ̀. Tòun ti pádì ńlá tí àwọn adílémú ń dè mọ́ ẹsẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lórí yìnyín, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Màmá náà fà á dìde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnìkan ló ya fídíò rẹ̀ láti òkèèrè, níbi tí èèyàn kò ti lè rí ju aṣọ Kánádà tó wà nílẹ̀ àti jákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà tó dúró lé e lórí. Kí á tó délé, wọ́n ti ń pín in kiri pé Kánádà ti kúnlẹ̀ fún Amẹ́ríkà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ àlàyé mi. Nílé tiwa, ọmọbìnrin kì í nàró kí àgbà. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi níbẹ̀. Ká ní àwa la borí, yóò kúnlẹ̀. Ká ní aṣọ Rọ́ṣíà ni màmá náà wọ̀, yóò kúnlẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, Ọ̀gá Alága, ó kúnlẹ̀ kí yín lọ́jọ́ tí ẹ gbà á wọ ẹgbẹ́ yìí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì sọ fún mi pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn náà ló lò.

Tí mo bá fi Yorùbá bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kó mú nínú ilé bàbá rẹ̀, ìkúnlẹ̀ yìí nìkan ló gbà lọ́wọ́ mi láìjiyàn. Nígbà tí mo rí i tó kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí, lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, inú mi dùn ju kó gba ife-ẹ̀yẹ lọ. N kò mọ̀ pé wọ́n ti ń ya fídíò.

Àwòrán méjì ló wà lára ògiri yàrá rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ìlúmọ̀ọ́ká kan nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kánádà, èkejì sì jẹ́ ti adílémú kan ní Amẹ́ríkà. Mo bi í rí bóyá àwọn méjèèjì kò ní bára wọn jà mọ́ ògiri. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá yín ti sọ fún àwọn pé ọ̀pọ̀ ìlúmọ̀ọ́ká tó ń forí gbárí nígbà tí Kánádà bá kojú Amẹ́ríkà, inú ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun nígbà tí wọ́n bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn yẹn a máa bọwọ́, wọn a máa dì mọ́ra, àwa náà a sì máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bí àwọn ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn, bí ọmọ mi ṣe ń ṣe tirẹ̀ nìyí.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni pé Ayọ̀mipọ̀ ti ṣe tán láti kọ lẹ́tà àforíjì yẹn. Ìdánwò ló ń rò. Ìyàwó mi, Oyíndà, sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kó kọ ọ́, kí ọmọ rọ́nà lọ, pé inú bébà lásán ni ọ̀rọ̀ náà máa wà. Èmi ni mo ní rárá. Ilé wa kò rójú láti ìgbà náà, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ọkàn mi balẹ̀ pé èmi ni mo tọ̀nà. Bí Sátidé bá kọjá tí kò lọ, èmi ni ọmọ yóò máa dá lẹ́bi, kì í ṣe ẹ̀yin.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé ìdádúró náà kí Sátidé tó dé, ẹ má sì béèrè lẹ́tà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn òbí pẹ̀lú pé kò ta góòlù fún ẹnikẹ́ni.

Ó ku ẹyọ kan. Láàárọ̀ àná, Alhaji Gàníyù, àgbàlagbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, wá kí wa. Ayọ̀mipọ̀ wọlé bá wa ní pálọ̀. Ó dúró gbagidi, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Good morning, sir." Bàbá wò mí, èmi wo ilẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ tán, mo bi í léèrè ohun tó dé. Ó ní òun fẹ́ kó mọ́ òun lára kí Sátidé tó dé ni, kí orúnkún òun má baà tún ṣèèṣì tẹ̀.

Ọ̀gá Alága, ẹ bá mi pè é. Bí èmi bá sọ ọ́, bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́, kò ní gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tí òun náà ti kúnlẹ̀ kí rí, ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé orúnkún rẹ̀ kò ṣẹ̀ yín.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń bá yín pàtẹ́wọ́ fún Kánádà,

Ọládayọ̀ Dúrósinmí
Bàbá Ayọ̀mipọ̀