Kóòtù Wọ́ọ̀dù Kì í Ṣe Aṣọ Ìbora Ọmọ

Ìwọ nọ́ọ̀sì ọ̀la,

Èmi ìyá ìyá rẹ ni. Mo jí láàárọ̀, mo bá kóòtù tí o wọ̀ bọ̀ láti wọ́ọ̀dù lórí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án! Mo pariwo, o ní, "Màmá, òtútù ló ń mú un," o bá yíjú sógiri, o tún sùn. Ṣé aṣọ tán nílé yìí ni? Ìwọ tí o kọ́ wa lánàá pé kòkòrò àìsàn kì í hàn sójú, pé ara ọmọ tuntun ò tíì mọ ìjà á jà! Ẹnu rẹ kàwé, ọwọ́ rẹ ò kà á.

Mo ti se kóòtù náà. Mi ò yọ bírò inú àpò rẹ̀, ó ti di aró. Má bínú. Bí o bá sì fẹ́ bínú, bínú. Láti òní lọ, ẹ̀yìn ilé ni kóòtù yẹn yóò máa sùn.

A ti gbé ọmọ lọ fi han dókítà. Má fọwọ́ kàn án láìfi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ dé ìgúnpá.

Nígbà tí ṣànpọ̀nná jà ní kékeré mi, aṣọ aládùúgbò tó ń ṣàìsàn ni wọ́n fi pọn àbúrò mi. Kò pé oṣù kan tí a fi sin ín. Àwa ò mọ̀ nígbà náà. Ìwọ mọ̀.