Ojú Ẹ̀rọ Méjì àti Omi Tí Kò Dé

Ilé wa lẹ́bàá odi,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Tannetje ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ìjì, mo sì kí ọ kú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ò ń gùn lójoojúmọ́ dé àjà kẹrin. Ọlọ́run tó fi ilẹ̀ gbígbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ wa kò ní gbà á padà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ ọkọ rẹ kò ní bọ́, oyún inú rẹ á dúró, Rotterdam kò sì ní gbàgbé pé ọmọ ilé ire ni ọ́. Ó yẹ kí inú mi máa dùn bí mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ, àmọ́ ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti Sátidé ni ẹ̀rù ti ń bà mí, ìdí nìyẹn tí ìwé mi fi wọ́ báyìí, kì í ṣe ọtí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìròyìn ilé, kí n lè mí díẹ̀. Orúnkún ìyá rẹ ti sàn, àmọ́ kì í gbà bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn. A ti kó ọ̀dùnkún wọ abẹ́ ilé tán, àpò mẹ́tàlá. Igi ápù ẹ̀yìnkùlé wó lu ilé adìẹ, adìẹ kan kú, a fi se ọbẹ̀, àwọn yòókù kò sì yé ẹyin mọ́ láti ìgbà náà, mo rò pé ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Jilles aládùúgbò wa kí ọ, tàbí kí n sọ pé ó kí ọ lọ́jọ́ Ẹtì, torí láti Sátidé kò dá mi lóhùn mọ́, ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an sì nìyẹn.

O rántí ojú ẹ̀rọ ńlá tí o gbé wá fún mi nígbà ìkórè, tí o ní kí n fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká wa, kí n lè máa rí dáadáa àwòrán odi tó ń dá òkun dúró, torí ojú mi ti ń ṣú. Kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn, Kékeré àti Ńlá ni èmi àti ìyá rẹ ń pè wọ́n. O mọ̀ pé àwọn ará ọ́fíìsì omi ti pàṣẹ pé kí gbogbo àwa ẹ̀ṣọ́ odi máa wo àwòrán náà nírọ̀lẹ́: bí ìpín tiwa bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ká lọ jẹun, bó bá di àwọ̀ ìyeyè, ká lajú, bó bá di àwọ̀ ọsàn, ká ta àwọn èèyàn jí, ká gun orí odi, bó bá di pupa, kí kálukú máa sá. Ọdún kọkànlélógójì rèé tí mo ti ń ṣọ́ ìpín keje, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ̀rọ ló lé mi kúrò níbẹ̀.

Mo tẹ̀ lé ìwé tí o kọ sílẹ̀ fún mi lẹ́sẹẹsẹ. Ihò mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kékeré, wáyà náà kò wọ mẹ́ta, ó wọ ìkẹrin, mo sì gbàdúrà kí n tó tì í wọlé tán torí n kò mọ ohun tó ń gbé inú ibẹ̀. Ojú méjèèjì ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Tannetje, mo ṣí fìlà. Mo rò pé mo ti pa wọ́n. Kí n tó ka ẹẹ́ta wọ́n ti jí, àwòrán ìgbéyàwó rẹ wà lójú Kékeré, ó tún wà lójú Ńlá, ìyá rẹ sì bú sẹ́kún pé ọmọ òun ti di méjì.

O ní kí n tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, kí n sì mú “fà á gùn” nínú ọ̀nà mẹ́rin tó bá yọjú. Mo mú un. Mo wá ń ti ọfà kékeré tó máa ń rìn lójú ẹ̀rọ lọ sí ọ̀tún, ó rìn, ó rìn, ó dé etí, ó sì jáde kúrò nínú Kékeré. Mo wo ilẹ̀, mo wo abẹ́ tábìlì, mo ní kí ìyá rẹ má gbé ẹsẹ̀. Ńlá wà lápá òsì mi, inú rẹ̀ la ti padà rí i, tó ń sinmi. Báwo ni ohun tó gba ọ̀tún jáde ṣe yọ lósì láìgba ẹ̀yìn ilé kọjá? O kọ ọ́ pé àyè wà nínú ẹ̀rọ tí mo ti lè tún wọn tò, pé kí n kàn wọ́ àwòrán Ńlá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. N kò fẹ́ fọwọ́ kan ohun tó lè rìn báyẹn. Ńlá fúnra rẹ̀ ni mo gbé sí ọ̀tún, ìyẹn lẹ́yìn tí a gbé kọ́bọ́ọ̀dù àwo ìyá rẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń wọlé lọ po kọfí báyìí. Àmọ́ ọfà ń rìn gaara.

Lẹ́tà inú Ńlá wá kéré bí èèrà. O ní kí n fi kún ìwọ̀n wọn, mo sì ń fi kún un títí lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ orúkọ abúlé wa fi gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, a kò rí odi mọ́, a kò rí omi. Mo dín in kù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló wá ń gún mi lójú, mo bá wá bọ́tìnnì lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya ojú èèyàn sí lára, mo ní ti ojú nìyí, mo tẹ̀ ẹ́. Ojú tù mí lóòótọ́. Fi bọ́tìnnì yẹn sọ́kàn.

Ní Sátidé, agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń wọ̀, ìjì ń fẹ́ láti òkun, mo ṣí àwòrán odi nínú Kékeré: ìyeyè. Mo tì í kọjá sínú Ńlá kí n lè rí i dáadáa: ọsàn. Ìpín keje, ọsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo fà á padà: ìyeyè. Mo tún tì í: ọsàn. Ìyá rẹ ní ó ṣeé ṣe kí Kékeré tọ̀nà, torí ó ti bá wa gbé fọ́dún mẹ́fà, kò sì parọ́ fún wa rí. Mo ní Ńlá ló ga jù, Rotterdam ló sì ti wá, òun ni ìròyìn á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

O mọ òfin àwa ẹ̀ṣọ́ odi, èyí tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹ̀ṣọ́ méjì bá jọ ń ṣọ́ ibì kan, tí ọ̀kan ní kò sí nǹkan, tí èkejì ní omi ń bọ̀, ti ẹni tó ní omi ń bọ̀ ni ká kọ́kọ́ gbà, ká tó máa jiyàn. Bàbá mi mọ ìdí. Ní 1953, nígbà tí òkun ya odi, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀ṣọ́ méjì ló wà lórí odi, ti ẹni tó ní kò sí nǹkan ni wọ́n gbà. Àjà ilé ni mo wà tí mo fi rí bí omi ṣe gbé ibùsùn àbúrò mi Jacomina lọ. N kì í sọ ọ́. Mo sọ ọ́ báyìí kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú.

Mo wọ ẹ̀wù iṣẹ́ mi, mo mú ọ̀pá, mo bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn. Ilé mọ́kànlá. Jilles ń fún wàrà lọ́wọ́, ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, mo ní Ńlá ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ bi mí pé ta ní ń jẹ́ Ńlá, ó da màlúù mẹ́rìndínláàádọ́ta gun orí odi nínú òjò. Maatje ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò ẹ̀wà kúrò lórí iná, ó gbé e lọ sókè, ó ní bí òun bá máa kú, òun ò ní kú pẹ̀lú ebi. Màmá Neeltje, tó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, èmi àti Jilles la gbé e tòun ti àga rẹ̀ lọ sí àjà, pẹ̀lú ẹyẹ rẹ̀ nínú àgò lórí itan. Kò bi wá ní nǹkan kan. Ó kàn di ọwọ́ mi mú gírígírí.

Mo dé orí odi, omi wà níbi tó máa ń wà. Ìsàlẹ̀ òkúta kejì ló wà, ó ń lá a bí ajá tó ti yó. Mo dúró fún wákàtí kan gbáko, kò fi ìka kan gòkè. Màlúù mẹ́rìndínláàádọ́ta ń wò mí.

Maatje ló tẹ̀ lé mi délé, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí Ńlá yìí. Ó wo Kékeré, ó wo Ńlá, kò wo odi rárá, àwòrán ìgbéyàwó rẹ ló tẹjú mọ́. Ó ní, Bàbá Tannetje, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí aṣọ funfun ni Tannetje wọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Mo ní funfun ni. Ó ní, kí ló dé tó funfun níbí, tó wá dà bí ẹni pé wọ́n da tíì sí i lára lọ́hùn-ún, àbí omi yín ti wọ inú aṣọ náà ni? Ó bi mí ohun tí mo tẹ̀, mo fi bọ́tìnnì olójú yẹn hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́. Aṣọ rẹ funfun. Odi wa di ìyeyè. Ó ní, ẹ wò ó, Ńlá ò rí omi kankan o, ẹ̀yin lẹ ní kó rọra tànmọ́lẹ̀ sí yín lójú, ó sì fi àwọ̀ tíì kun gbogbo nǹkan.

Ojú ń tì mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Oníbúrẹ́dì bi mí lánàá pé búrẹ́dì aláwọ̀ wo ni mo fẹ́. Jilles ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìpayà ti dín wàrà àwọn màlúù òun kù. Ìyá rẹ, tó gun àjà ní Sátidé, ṣì wà lókè, òun àti àpótí búrẹ́dì, ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀ àfi tí ìwọ fúnra rẹ bá kọ̀wé wá pé èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì omi, ó lè gba ẹ̀wù àti kọ́kọ́rọ́ géètì odi lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Sátidé tó ń bọ̀ òṣùpá á kún, èyí tó máa ń mú kí òkun ga, wọ́n sì ní ìjì náà á tún padà wá, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo bá lọ kan ilẹ̀kùn, ta ló máa dìde? Wọ́n á ní Krijn ti tún tẹ bọ́tìnnì. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi sọ ìkìlọ̀ di ẹ̀fẹ̀, Tannetje, ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Lánàá mo lọ tọrọ àforíjì lójúlé dójúlé, ilé Màmá Neeltje ni mo fi ṣe ìkẹyìn torí òun ni mo ń bẹ̀rù jù. Mo ní, Màmá, ẹ má bínú, mo gbé yín gun òkè lásán. Ó ní, Krijn ọmọ Marinus, ní 1953, ṣé o mọ iye èèyàn tó wá kan ilẹ̀kùn ilé wa? Mo ní rárá. Ó ní, kò sẹ́nì kankan. Ìwọ wá kàn án. Ó wá ní kí n gbé àga òun kúrò lẹ́bàá iná, kí n gbé e sẹ́nu ọ̀nà, torí etí òun ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, òun ò sì fẹ́ kí n wá kan ilẹ̀kùn ní Sátidé kí òun má gbọ́. Mo gbé àga náà. Mo sunkún bí mo ṣe ń bọ̀ wálé.

Ohun tí mo wá ń tọrọ ni pé kí o fi ogójì yúrò ránṣẹ́, kí n ra bolus, àkàrà dídùn onísínámọ́nì, fún ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá, méjì méjì, kí ti Jilles jẹ́ mẹ́rin. Fi yúrò márùn-ún kún un fún bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Inú àpò ìwé ni kí o fi sí o, má fi gba inú kọ̀ǹpútà wá, torí mo ti fi aṣọ tábìlì bo àwọn méjèèjì, n kò sì ní ṣí wọn títí di Sátidé. Kọ ìwé sí ìyá rẹ kó lè sọ̀ kalẹ̀. Má sì wá gbé Ńlá padà. Bó bá di Sátidé, màá kọ́kọ́ wo aṣọ ìgbéyàwó rẹ kí n tó wo odi. Bó bá funfun, màá gba ohun tí wọ́n bá sọ, lẹ́yìn náà màá lọ fi ọwọ́ ara mi kan omi.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lájà kẹrin. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ọmọ tí ẹ̀ ń retí máa bá, ibẹ̀ náà ló sì máa dàgbà sí. Mo mọ̀ pé ibi tí o wà ga. Àmọ́ bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn rẹ lọ́jọ́ kan, tó ní omi ń bọ̀, má bi í pé inú ẹ̀rọ wo ló ti rí i. Dìde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Krijn