Ohùn Tó Ba Ẹyẹ Mi Jẹ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá
Àjákù awọ tí mo jí lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ilé àdúrà ni mò ń kọ̀wé sí. Ìdajì ìwé ni wọ́n kọ́ mi kí wọ́n tó lé mi. Mo sín ìyá tó jẹ́ olórí wọn jẹ nínú àdúrà ni — kò dùn mí.
Baba Ikọ́ (Beornoth alágbẹ̀dẹ wúrà, ọ̀gá wa) ní kí èmi àti Tidburg ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ìdè aṣọ kọ̀ọ̀kan, wúrà tí a fi ń há aṣọ láyà, fún ìyàwó ìjòyè. Ẹni tí tirẹ̀ bá jáde dáadáa nínú iná ni yóò máa bá òun jókòó ti ààrò. Ẹnì kejì á padà sóko, sídìí ọlọ ọkà báálì. Ọlọ kẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá
Dígí lọ́wọ́, dígí nímú. Òkúta dígí aláwọ̀ tí a hú nílẹ̀ ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni à ń lọ̀. Lọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́, tún un fọ̀, títí omi á fi mọ́. Bí o bá yára, àwọ̀ á ṣú.
Oyin — Tidburg náà ni — bá mi pọnmi. Mo fi ohùn Baba sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sẹ́rẹ̀. Ó ní kí n kọ́ òun. Mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ní kó máa wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Baba máa ń sọ̀rọ̀ tán ná kó tó wúkọ́. Ta ní ń fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ tọrẹ?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo tẹ ọ̀já wúrà tín-ín-rín di ẹyẹ lórí ìdè mi, mo rọ dígí tí a lọ̀ sínú rẹ̀. Pupa láyà, aró ní ìyẹ́. Oyin ní òun ò lè ṣe irú rẹ̀ láé. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ó bàjẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mo lè kọ ọ́ wàyí. Ti Oyin ló kọ́kọ́ wọná, ó jáde, ó ń dán. Tèmi wọlé. Wọ́n pe Baba síta, èmi lọ pọnmi. Hunlaf tó ń fín ẹwìrì fẹ́ dáwọ́ dúró, àfi bí ohùn Baba ṣe dún lẹ́yìn aṣọ ìkélé: fínná sí i. Ó fínná sí i. Nígbà tí mo dé, wúrà ti rì, pupa ti dà mọ́ aró bí ẹ̀jẹ̀ ẹran.
Gbogbo wọn wò mí. Èmi kúkú ni alásìínjẹ ilé. Wọ́n ní mo fẹ́ fi Hunlaf ṣeré ni, eré wá já lé mi lórí. Mo bi Hunlaf bí ohùn náà ṣe dún.
“Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá sọ̀rọ̀.”
Oyin ń wolẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú
Oyin gbé búrẹ́dì wá fún mi. N ò jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún
Mo lọ bá Baba, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń fi òkúta dán ìdè Oyin, kò gbójú sókè.
“Hunlaf ti sọ ti ikọ́ yẹn fún mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Ìwọ kì í ṣì mí sín jẹ. Ṣùgbọ́n ìdè ti Tidburg ló wà nílẹ̀, ìyàwó ìjòyè sì ń dúró. Lọ di ẹrù rẹ, ọmọ mi.”
Ó sọ̀rọ̀ tán, ó wá wúkọ́.