Ọ̀rọ̀ Tí Ọ̀gá Sójà Sọ Nídìí Òkúta

Bàbá mi,

Èmi aláwàdà ọmọ yín ni o. Ara mi le, ẹnu mi sì ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ mi lọ.

Lánàá, a ṣí òkúta ìrántí tí ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ gbẹ́ fún ẹbí àwọn sójà. Ọ̀gá sójà kan ń ké bí àgbò tí òtútù mú: "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ìyá àwọn tó ṣubú lójú ogun!" Mo ń sín in jẹ lẹ́yìn. Ni ìyá arúgbó kan bá béèrè pé, "Ọmọ mi tó ṣubú, ṣé ẹ ti gbé e dìde?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi fọ́ mi létí. "Òpònú! Kú ni wọ́n ń pè ní ṣubú."

Bàbá, ìgbà yẹn ni mo rántí ọ̀rọ̀ bọ̀dá mi. Màámi ti sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn sójà wá sílé, wọ́n ní bọ̀dá mi tó lọ sójú ogun ṣubú. Màámi sì ti ra ròòbù tí wọn yóò fi ra á lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bá àwọn sójà náà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ ti mọ̀ ni?

Ẹ má ka èyí sí Màámi létí o. Ẹ ṣáà bá mi kí wọn. Ẹ ní mo ṣì ń ṣe bí ọ̀bọ, kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.