Pádì Géèmù Tí Àwọn Ọmọ Gbàgbé Sí Ọ̀tọ̀

Ọ̀tọ̀-Àwórì,
Oṣù Kẹsàn-án, 1995.

Dàpọ̀ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Fẹlíṣíà ìyàwó rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bí ẹ bá béèrè wa, a wà, à ń mí, a sì ń jẹun, àfi orúnkún ìyá rẹ tó máa ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ nígbàkigbà tó bá fẹ́ dìde. Ilé ìjọba tí ẹ ń gbé ní Ìbà yẹn kò ní lé yín jáde. Àtẹ̀gùn tí ẹ ń gùn lọ sókè, ẹ ò ní yí lulẹ̀ níbẹ̀. Ewúrẹ́ wa ti bí méjì, ọ̀kan funfun, èkejì sì jọ Àkànbí ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé iwájú ilé wa, níwájú orí níbí, ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó mú kí n kọ̀wé ni ti pádì géèmù. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lo ìsinmi wọn tán lọ́dọ̀ wa, tí o wá kó wọn padà sí Ìbà pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n àti àpótí géèmù yín, ìyá rẹ ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ló bá rí ohun dúdú kan tó ní apá méjì bí akàn, tó sì ní bọ́tìnnì lára bí ẹ̀wù sójà. Ó gbé e sétí, ó ní ẹ n lẹ́ o. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni mo là á lọ́yẹ pé ohun tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Ó ní wáyà rẹ̀ dà? Mo ní àwọn ọmọ ti sọ fún mi pé tuntun yìí kì í lo wáyà, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà lọ, bí òórùn ọbẹ̀ tó ń ti ilé aládùúgbò bọ̀. Ìyá rẹ ní bí kò bá ti ní wáyà, á jẹ́ pé kò ní ojúlé kan pàtó nìyẹn, ohun tí a bá kọjú ẹ̀ sí náà ló máa wọ̀. Mo rí i pé òótọ́ ló sọ.

Mo kọ́kọ́ kọjú ẹ̀ sí rédíò wa. Mo tẹ bọ́tìnnì, ẹni tó ń ka ìròyìn wúkọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún wúkọ́. Àánú ṣe mí, mo fi í sílẹ̀, torí ọmọ ẹnì kan ni. Mo wá kọjú ẹ̀ sí fáànù, mo tẹ̀ ẹ́, fáànù dúró, àṣé iná gbogbo àdúgbò ló lọ. Àwọn èèyàn ń pariwo níta, ìyá rẹ ní kí n pa ẹnu mọ́. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni.

Nígbà tó di Sátidé, mo rò ó pé afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wa yìí kan náà ló ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín. Mo gun orí òkìtì yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ilé, mo kọjú sí ọ̀nà Ìyànà Ìbà, mo sì tẹ bọ́tìnnì títí àtàǹpàkò fi ń ro mí. Ìyá rẹ di aṣọ mi mú lẹ́yìn kí n má baà bá afẹ́fẹ́ lọ. Jọ̀ọ́, bá mi bi àwọn ọmọ bóyá ẹni tó wọ pupa nínú tẹlifíṣọ̀n yín sáré díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ó ṣubú, ìgbà tí ẹsẹ̀ mi yọ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ńlá ni ilé Àkànbí. O mọ̀ pé òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ní òpópónà wa. Lọ́jọ́ tí orílẹ̀-èdè wa ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo wa fún mọ́ra nínú pálọ̀ rẹ̀ bí ẹja inú agbọ̀n Àdìjá ẹlẹ́ja. Mo fi pádì sábẹ́ agbádá mi. Wọ́n ti gbá góòlù kan wọ àwọ̀n wa, Àkànbí ti fẹ́ máa sunkún, ni mo bá yọ ọ́ síta. Mo tẹ̀ ẹ́ sí òsì, ọmọ wa tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ yà sí òsì. Mo tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, ó yà sí ọ̀tún. Àdìjá ló kọ́kọ́ rí i, ó figbe ta pé ẹ wo ọwọ́ Bàbá Dàpọ̀ o! Ni mo bá fi gbogbo ara tẹ bọ́tìnnì ńlá. Góòlù!

Dàpọ̀, wọ́n gbé mi. Èmi tí mo bí ẹ yìí, wọ́n gbé mi sókè. Àkànbí dìde lórí àga onítìmùtìmù tí kì í jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ gan-an jókòó lé, ó ní èmi ni kí n jókòó. Ó ń ki ẹran adìẹ bọ̀ mí lẹ́nu kí ọwọ́ mi má baà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Àmọ́ gbogbo wọn wá di ọ̀gá mi. Àdìjá ní kí n jẹ́ kí nọ́ńbà méje sinmi, pé ó ti rẹ ọmọ náà. Ìyá rẹ ní kí n rọra, kí n má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Níbi tí mo ti ń yíjú sí wọn, mo sín. Ìka mi bọ́ sórí bọ́tìnnì kan tí mi ò tẹ̀ rí, aṣọ́lé wa fò sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù gba òsì wọlé. Wọ́n fọn fèrè, ó parí. Wọ́n nà wá.

Àkànbí wá ní kí n dìde lórí àga òun. Ó ní láti kékeré lòun ti mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í dúró jẹ́ẹ́, pé kí n má tẹsẹ̀ bọ ilé òun mọ́. Mo dìde. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Kì í ṣe torí bọ́ọ̀lù. Àwa méjèèjì la jọ ń mu ẹ̀kọ àárọ̀. Ta ni mo fẹ́ máa bá jà mọ́ lórí àkàrà tó bá kù?

Àkànbí já pádì gbà lọ́wọ́ mi, ó ní inú kànga lòun máa jù ú sí. Bó ṣe gbá a mọ́ tábìlì, ìdérí kan ṣí lẹ́yìn ẹ̀. Inú ẹ̀ ṣófo. Àkànbí béèrè pé kí ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ìyá rẹ fi ohùn kékeré sọ pé bátìrì ni, pé ọjọ́ tí òun ti rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lòun ti yọ ọ́ sínú tọ́ọ̀ṣì òun.

Mo ní wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín títí n óò fi kú. Ṣùgbọ́n Àkànbí wò mí, ó tún wo pádì, ó ní Mákindé, ṣé láìsí bátìrì lo fi gbá góòlù yẹn wọlé? Mo ní bó ṣe rí nìyẹn. Ó dì mọ́ mi. Ó ní kí n dárí ji òun, òun ò mọ̀ pé agbára ọwọ́ lásán ni mo fi ń ṣe é. Wọ́n tún gbé mi. Ìyá rẹ ni gbogbo wọn wá kọjú sí pé òun tó yọ bátìrì ló jẹ́ kí wọ́n nà wá, ṣùgbọ́n ó ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, orúnkún ò ro ó mọ́.

Nígbà tí Àdìjá ta ẹja dé láti Ìbà, ó jíṣẹ́ Fẹlíṣíà fún wa pé àwọn ọmọ ń sunkún pádì. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Àkànbí ti fi léèsì bò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní jẹ́ kó jáde títí a ó fi gbá bọ́ọ̀lù mìíràn. Jọ̀ọ́, fi owó bátìrì rán Àdìjá tó mú ìwé yìí wá. Àkànbí ní ti mọ́tò ló máa dára jù, a ó wá ibi tí a máa gbé e sí. Fi owó oògùn orúnkún ìyá rẹ kún un.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjú ibi sí ọ, bátìrì rẹ̀ á kú. Ìwọ tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ìjọba lò ń ṣe, bá wa sọ fún kóòṣì pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn jẹun yó dáadáa, torí mo fẹ́ kí wọ́n sáré gan-an lọ́jọ́ náà.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ẹ,
Matthew Mákindé.