Wọ́n Ní Kí Afọ́jú Wá Bá Wọn Ṣe É

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, Àlàájà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Mo kí Bàbá, mo kí Ràmọ́tà àbúrò mi. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀?

Iṣẹ́ ń lọ. Ìpè ni mo ń dáhùn ní ọ́fíìsì, ojú tí kò ríran ò dí mi lọ́wọ́. Ìdáwà ló le.

Nígbà tí ara mi ò yá, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní ká ti gba àyè láti rí dókítà ìjọba. Fóònù mi máa ń ka ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sí mi létí, ṣùgbọ́n níbẹ̀, "bọ́tìnì, bọ́tìnì" nìkan ló ń wí. Mo bẹ aládùúgbò mi kan. Tayọ̀tayọ̀ ló fi ń ka ìbéèrè sókè, mo sì ń dáhùn. Bí àjèjì ṣe gbọ́ pé oyún bà jẹ́ lára mi nìyẹn, kí ẹ̀yin tó bí mi tó gbọ́. Ó dùn mí ju àìsàn náà lọ.

Mo fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì tó ni ojú òpó náà. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn pè mí, ó ní kí n wá bá àwọn tún un ṣe, àwọn á sanwó iṣẹ́ mi. Mo bá ọkùnrin adití kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú wa lò ó bó ṣe ń lò ó nílé, kí àwọn máa wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe é ní òun ti dijú dán an wò rí. Mo ní ẹni tó dijú mọ̀ pé òun máa là á. Ó wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan máa sọ.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan la fẹnu kò lé lórí. Èmi fẹ́ kí dókítà máa pè mí. Adití gbẹnu ògbufọ̀ rẹ̀ sọ pé kí ni òun fẹ́ fi ìpè ṣe, àtẹ̀jíṣẹ́ ni òun ń fẹ́. A jiyàn títí, wọ́n fi méjèèjì sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá gba àyè dókítà nínú yàrá mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìdáhùn mi. Mo jókòó, mo sunkún díẹ̀.

Ràmọ́tà sọ pé ní ọ́fíìsì àwọn ní Odogbolu, wọ́n ti ń kó iṣẹ́ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi sọ fún un pé kí wọ́n pe afọ́jú, adití àti arọ jókòó nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń ṣe é. Tó bá ti parí, àtúnṣe á le.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn ará Ìbefùn, àtọmọdé àtàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù